Ọdún Tí Bàbá Àgbà Gbẹ́ Ilé fún Géèmù

Omi ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé wa láàárọ̀. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé náà sí, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ilé tó kù ní abúlé wa létí òkun lápá Abereke, omi a sì máa gbá àwọn òpó náà pẹ́pẹ́ lábẹ́ ẹní tí mo sùn lé. Bí omi bá ti sọ tirẹ̀, ó kan ìyá mi. Á máa da èèpo àgbọn sínú iná tó fi ń yan ẹja, á máa húkọ́ nítorí èéfín, á sì pè mí: "Tèmi! Tèmítọ́pẹ́! Ṣé o fẹ́ kí ọkọ̀ rì mọ́ ẹsẹ̀ ilé ni?" Iṣẹ́ àárọ̀ mi nìyẹn, kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, kí n gbọ́n omi tó ti wọ inú ọkọ̀ kékeré wa dà nù kí n tó bọ́jú. Ibẹ̀ ni màá wà tí màá fi gbọ́ àáké Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, tó ń gbẹ́ ọkọ̀ lórí pẹpẹ ẹ̀yìn ilé: kó, kó, kó, á dúró wo ohun tó gé, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí bàbá mi ń tún ṣe lórí pẹpẹ iwájú ilé yóò fi pariwo, yóò wúkọ́, yóò sì kú. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti bá a bẹ́ẹ̀. Bàbá mi á lọ sẹ́yìn ilé láràárọ̀, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Bàbá àgbà á ní, "Hẹ̀ẹ́n." Ó parí nìyẹn. Ohunkóhun tó bá tún kù láàárín wọn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, èmi ni wọ́n ń rán. "Ọma," Bàbá àgbà á ní, torí kò pè mí ní ọmọ rí, ohùn ìlú wa kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú, "sọ fún bàbá rẹ pé àwọn ará Etikan ti wá wo ọkọ̀ wọn." Màá sáré gba àárín ilé kọjá, pákó á máa dún gbọ̀ngbọ̀n lẹ́sẹ̀ mi, màá dé iwájú, màá jíṣẹ́. Bàbá mi á nu òróró ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, á ní, "Sọ fún wọn pé mo gbọ́." Ó di ẹ̀yìn. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, púpurú ẹ̀gẹ́ kan náà ni, ọbẹ̀ ẹja kan náà ni, ṣùgbọ́n àwo méjì ni ìyá mi ń bù ú sí, ọ̀kan ń lọ síwájú, ọ̀kan ń lọ sẹ́yìn, èmi náà sì ni mo ń gbé e.

Ọmọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ni mí. Mo fẹ́ mọ ìdí tí edé fi ń pọ́n bí iná bá kàn án, ibi tí ìṣàn omi ń lọ nígbà tó bá fà sẹ́yìn, ẹni tó sọ fún un pé kó padà. Ìyá mi a máa dáhùn èyí tó bá mọ̀, a sì máa rán mi níṣẹ́ bí ó bá kan èyí tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo béèrè ohun tó wà láàárín bàbá mi àti Bàbá àgbà, kò rán mi níṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹja ṣáwá tó ń yí, ó sì wò mí dáadáa. "Tèmi, gbogbo nǹkan ni o lè béèrè nínú ilé yìí. Ìyẹn nìkan, fi í sílẹ̀." Mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu. Inú mi kò fi í sílẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ni àbúrò bàbá mi tó kéré jù, Anti Fẹ̀yí, tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, bá wọkọ̀ ní Ìgbókòdá padà wálé. Ó di àpò kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Nígbà tó tú u tán, aṣọ ni, ìwé ni, ló bá mú páálí pẹlẹbẹ kan jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì tí a tò pọ̀ lọ, nǹkan wínníwínní fàdákà àti dúdú sì kún ara rẹ̀ bí ilé ṣe kún orí omi ní abúlé wa. Mo béèrè ohun tó jẹ́.

"Kọ̀ǹpútà ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé wa, ó lórí bíi tẹlifíṣọ̀n, aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó. "Níbo ni ìyókù rẹ̀ wà?"

"Kò ní ìyókù. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Wò ó, ibí ló ti ń ronú. Ibí ló ti ń rántí. Ibí yìí ni iná ń gbà wọ inú rẹ̀."

"Kí ló ń rò báyìí?"

"Kò sí iná lára rẹ̀, kò ro nǹkan kan."

"Ṣé ó ń sùn ni?"

"Tèmi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n jẹun ná."

Lẹ́yìn tó jẹun tán ló wá sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kí n tó dáyé, ẹ̀rọ géèmù kan wà nílé yìí, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lẹ́nu. Anti Fẹ̀yí kéré nígbà náà. Òun àti Màmá àgbà, ìyá wọn tó ti kú, ni wọ́n jọ ń ta á. Bíríkì aláràbarà ló máa ń jábọ́ láti òkè, ẹni tó ń ta á ni yóò máa yí wọn, tí yóò máa tò wọ́n kí àyè má ṣẹ́kù láàárín. Bí ìlà kan bá kún, á parẹ́. Màmá àgbà á yan ẹja tán, á fọwọ́, á jókòó ti ọmọ rẹ̀, á ní kí wọ́n tan "ilé kíkọ́" fún òun, torí orúkọ tó sọ géèmù náà nìyẹn. Ìgbà tí òkun ya wọ abúlé ló gbé yàrá iwájú lọ, tòun ti tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ náà. Anti Fẹ̀yí ní wọn kò ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kékeré yìí lè díbọ́n pé òun ni ẹ̀rọ àtijọ́ náà, débi pé géèmù ọ̀hún kò ní mọ̀ pé ilé òun ti yí padà. Ó ti kó o sórí mẹ́mọ́rì káàdì kan tó kéré ju èékánná mi lọ. Ó fẹ́ kan gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ méjì mú, kó máa gbé e kiri.

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà mọ̀ pé òun ń díbọ́n?" ni mo béèrè.

Anti Fẹ̀yí wò mí, ó ronú gan-an. "Mi ò mọ̀," ni ó wí. Títí dòní, nínú gbogbo èsì tí àgbàlagbà fún mi nígbà èwe, mi ò rí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojú ìwòran rẹ̀ wá láti ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ti bàjẹ́, irú gíláàsì kékeré tó ń yọ àwòrán bíi tẹlifíṣọ̀n, tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Anti Fẹ̀yí ló rà á bọ̀ láti òkè, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ ti páwà báǹkì tí ike rẹ̀ ti fọ́. Sípíkà rẹ̀ wá láti inú fóònù ìyá mi tó jábọ́ sínú omi. A tú rìmóòtù àtijọ́ kan fún bọ́tìnnì, ìyá mi sì yọ̀ǹda ike ọṣẹ rẹ̀ kan fún wa pé ká fi ṣe àpótí, ó ní ṣùgbọ́n bí òun bá gbọ́ òórùn lẹ́ẹ̀dì lára ẹja òun, àwa la máa rà á. Ìṣòro tó kù ni pé Anti Fẹ̀yí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ fi so wáyà pọ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó kan ohun tó yẹ, ó yà á sórí bébà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ló bá gbé e lọ bá bàbá mi, torí pé ẹni tó bá ń tún wáyà ẹ́ńjìnnì ṣe kò lè ṣe aláìmọ lẹ́ẹ̀dì í jó.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbóòórùn rẹ̀ pàápàá. "Fẹ̀yí, nǹkan yìí ti tinrín jù fún irin mi."

"Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i, Bọ̀dá mi."

Ó wé wáyà kọ́pà nínípọn mọ́ ẹnu irin tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́ kí ṣóńṣó wáyà náà gùn jáde bí ẹnu ẹyẹ, ó ki irin náà bọ iná ẹja ìyá mi títí ó fi gbóná. Mo jókòó tì í, mo ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Lẹ́ẹ̀dì á yọ́, á tàn yanran, á sì dì lójijì. Mo béèrè ìdí tó fi ń tàn kó tó dì. Ó ní òun kò mọ̀, pé òun náà máa ń wò ó. Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá mi sọ pé òun ń wo nǹkan kan torí pé ó wù ú rí.

Nígbà tí Anti Fẹ̀yí kọ́kọ́ tan án, ojú rẹ̀ funfun, kò sí nǹkan mìíràn. Ó yọ káàdì, ó dá a padà, ó kàwé lórí fóònù rẹ̀ títí orí fi ń fọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í gun ojú gíláàsì náà bí èèrà, ni àwòrán bá yọ. A hó yèè. Àwọn aládùúgbò tukọ̀ wá wò ó. Ṣùgbọ́n kò ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ tí bọ́tìnnì kan fi kọ̀, tí èkejì tẹ̀ lé e, ó sì di ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ náà kò tàn mọ́ rárá. Bàbá mi ṣí ike ọṣẹ náà. Gbogbo ibi tó fi lẹ́ẹ̀dì sí ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé bí ewéedò. "Iyọ̀ ni," ó wí. "Afẹ́fẹ́ ibí ń gbé iyọ̀ rìn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ńjìnnì ni." Anti Fẹ̀yí jókòó sórí pákó, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Mo rò pé géèmù ló ń dùn ún. Àgbà ti kàn mí kí n tó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló tún sọnù lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni mo gbé òkú ẹ̀rọ náà lọ sẹ́yìn ilé. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo kàn fẹ́ bi Bàbá àgbà ní ìbéèrè kan: ọgbọ́n wo ló ń dá tí omi kì í fi í wọ ọkọ̀ tó bá gbẹ́? Ó fi àáké lélẹ̀. Ó ní omi máa ń wá ibi tí nǹkan méjì ti pàdé, pé ẹni tó bá fẹ́ lé omi, kó dín ibi ìpàdé kù. Ó wá nawọ́. "Gbé e wá, ọma, kí n wò ó." Ó tẹ ike ọṣẹ náà, ó dún wẹ́kẹwẹ̀kẹ. Ó fẹnu pòṣé. "Ta ló fi èyí ṣe ilé fún nǹkan? Sọ fún bàbá rẹ kó fọ inú rẹ̀ mọ́. Èmi á bá a wá ulé mìíràn."

Igi ọ̀gànwó kan tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ tó ti gbẹ́ parí ló fi ṣe é. Ó gé e sí méjì bí ìwé tí a ṣí, ó ń gbẹ́ inú ìdajì kan lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ pákó àárín ilé tán lásìkò yẹn. "Sọ fún bàbá rẹ pé báwo ni bátìrì ṣe nípọn tó?" "Sọ fún wọn pé bí ìka ìlábẹ̀." "Ìka ìlábẹ̀ ta ni, tèmi àbí tirẹ̀?" Màá tún sáré padà. Ní iwájú ilé, bàbá mi ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín pa iyọ̀ náà rẹ́, ó ń jó lẹ́ẹ̀dì tuntun. Ìyá mi tó ń kọjá lọ, tó di apẹ̀rẹ̀ edé mọ́ ìbàdí, dúró wò ó. "Ẹ̀yin ò ṣe fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ún? Omi kì í ran èyí tó bá wà léèékánná mi." Bàbá mi gbójú sókè wò ó pẹ́. Lọ́jọ́ náà ni gbogbo ibi tí lẹ́ẹ̀dì wà lára ẹ̀rọ wa di pupa foo bí ọwọ́ ìyàwó.

Ilé tuntun náà parí. Ó dán, ó rọrùn lọ́wọ́, eteetí rẹ̀ tẹ̀ bí ikùn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi tò ó tán tó fẹ́ pa á dé, kò pa dé. Igun kan ń dí wáyà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tú u láti gbé e lọ sẹ́yìn, àwọn wáyà tíntìntín náà lè já. Ó ní kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń lu páànù débi pé mo ní láti pariwo kí Bàbá àgbà tó gbọ́. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀ tó mú jù, ó dìde, ó tẹ̀ lé mi gba àárín ilé kọjá, ó sì jókòó síwájú bàbá mi. Mi ò rí i rí kí ó jókòó síbẹ̀. Ìyá mi wà nídìí iná. Anti Fẹ̀yí di gíláàsì ìwòran mú kó má bàa wó. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì di wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Bàbá àgbà sì ti ọ̀bẹ bọ inú igun náà, ó ń fá a díẹ̀díẹ̀.

"Ọma, sọ fún bàbá rẹ kó gbé wáyà pupa yẹn sókè sí i."

Bàbá mi ti gbé e sókè kí n tó la ẹnu. "Sọ fún Bàbá àgbà pé mo ti gbé e."

Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì. Orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Mo lè na ọwọ́ kan kí n fi kan àwọn méjèèjì. Nǹkan tí mo ti gbé sínú láti ọjọ́ yìí bá bọ́ lẹ́nu mi.

"Kí ló dé tí ẹ kì í fi í bá ara yín sọ̀rọ̀?"

Ìyá mi pe orúkọ mi kíkún. Anti Fẹ̀yí fi ẹsẹ̀ ta mí. Bàbá mi kò gbójú sókè. "Tèmi, dìde níbẹ̀."

"Jẹ́ kó jókòó," ni Bàbá àgbà wí. "Ó béèrè ọ̀rọ̀ ni." Ó yọ ọ̀bẹ kúrò nínú igi. Èmi ló kọjú sí. "Nítorí Màmá àgbà rẹ ni, ọma. Iyanrìn etí òkun la sin ín sí. Òkun ń bọ̀, gbogbo wa ń rí i. Bàbá rẹ ní ká hú u, ká gbé e lọ sókè, ká tún un sin. Mo ní rárá. Òkun wá gbé e lọ."

Ohùn bàbá mi kéré nígbà tó sọ̀rọ̀, wáyà tó dì mú ló ń wò. "Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo ti wá ilẹ̀ sí Ìgbókòdá, mo ti bá àwọn tó máa gbé e sọ̀rọ̀. Wọn ò sọ ìdí kankan fún mi. Rárá ṣáá ni wọ́n ń sọ. Ìyá mi ni, Tèmi. Mi ò mọ ibi tí ìyá mi wà."

Òjò ń rọ̀. Bàbá àgbà fi ọ̀bẹ lélẹ̀ lórí pákó, ó ṣe é pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dún. Kò wò mí mọ́.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Yẹlé."

Ọmọ́yẹlé lorúkọ bàbá mi. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá àgbà rí.

"Ẹni tí mo mọ ojú rẹ̀ ni. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Kí wọ́n wá ṣí ilẹ̀, kí n dúró síbẹ̀, kí n rí nǹkan mìíràn? Mi ò lè ṣe é. Mo rò pé òkun kò ní yá tó bẹ́ẹ̀. Nínú mi, mò ń sọ pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, màá gbà fún ọ. Rárá ló ń jáde lẹ́nu."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ mi pé ẹ̀rù ń bà mí?"

Bàbá mi fi apá nu ojú rẹ̀ torí pé ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Ó tún un nù. Ó wá mí kanlẹ̀, ó sì ti ẹ̀rọ náà díẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ bá mi gé igun ibí yìí sí i, Bàbá. Òun ló ń dí wáyà lọ́wọ́." Bàbá àgbà mú ọ̀bẹ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà láìmọye ìgbà láti ìgbà tí mo ti dàgbà, pàápàá bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ mi, tí mo ṣí inú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kan, tí mò ń wá ibi tí iná ti já. Àwọn tí mo sọ ọ́ fún máa ń yìn mí, wọ́n ní ọmọdé ló parí ìjà àgbà. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń sún mọ́ ara wọn láti ìgbà tí ọ̀kan ti ń béèrè bí bátìrì ṣe nípọn tó, tí èkejì ń wọ̀n ọ́n kó lè fèsì. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí ọ̀rọ̀ tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ fún gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe kéré tó nígbà tó jáde. "Ẹ̀rù ló bà mí." Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n sọ.

Ilé náà pa dé. Anti Fẹ̀yí, tójú rẹ̀ ti wú, tan ẹ̀rọ náà. Àwòrán yọ, orin kékeré kan sì jáde láti inú igi, orin tó ń sáré yípo ara rẹ̀. Bàbá àgbà jókòó ṣánṣán. "Ariwo yìí!" Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà bí ẹni rí ẹni tó mọ̀. "Ariwo tí Ìyá Yẹlé fi ń dí mi lójú oorun nìyí! 'Pa á, obìnrin yìí, jẹ́ kí n sùn,' ni màá wí, á ní ó ku díẹ̀ kí òun parí ilé òun." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń já bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí orin náà dé òpin, ó ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí Anti Fẹ̀yí fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ han òun.

Kò mọ̀ ọ́n ta rárá. Àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń tẹ bọ́tìnnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bíríkì tó ní ìkọ́ bá jábọ́, inú á bí i: "Ta ló gé igi báyìí? Níbo ni wọ́n fẹ́ kí n kàn án mọ́?" Bàbá mi á ní, "Ẹ yí i, Bàbá. Ẹ yí i sí òsì." "Mo ti yí i!" "Ẹ ò yí i." Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ariwo àwọn méjèèjì ti pọ̀ débi pé ìyá mi ń ké láti ìdí iná pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun gbọ́ bí ẹja òun ṣe ń dún nínú iná. Àwo kan ṣoṣo ló ń bu púpurú wọn sí. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣí, tí Anti Fẹ̀yí di ẹrù rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní òun á kan òmíràn fún ara òun lóhùn-ún.

Òkun kò dẹ́kun. Kí ọdún náà tó parí, ó ti gba ọ̀wọ́ ilé tó wà níwájú tiwa, omi iyọ̀ sì ń wọ inú ìkòkò òjò wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ló gun orí òrùlé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú páànù. Bàbá mi gun òkè lọ bá a. Wọ́n tú ilé náà ní pákó ní pákó, wọ́n ń jà lórí èyí tó ti jẹrà àti èyí tó ṣì dára, a sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ ńlá kan tí Bàbá àgbà gbẹ́. Ìyá mi àti èmi jókòó sórí ẹrù. Nígbà tí a yọ sí gbangba, níbi tí iyanrìn tí wọ́n sin Màmá àgbà sí wà tẹ́lẹ̀, bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó pa á. Omi ń gbé wa sókè, ó ń sọ̀ wá kalẹ̀.

Bàbá àgbà bọ́ fìlà. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan omi. "Ìyá Yẹlé," ó wí, bí ìgbà tó ń pè é láti yàrá kejì, "a ń kó lọ sókè o. Ìgbókòdá ni. Bí o bá fẹ́ wá, gba ẹnu odò wọlé, má yà síbì kankan. Tí o bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń la igi, ọwọ́ ọ̀tún ni ilé wa."

"Ọwọ́ òsì ni, Bàbá," bàbá mi wí láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀tún ni."

"Òsì ni. Èmi ni mo lọ wo ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá kọjú sókè odò, òsì ni."

Bàbá àgbà ronú, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó gbé èkejì, ó ń wò wọ́n.

"Ọwọ́ òsì," ó sọ fún omi náà.

Bàbá mi wá fa okùn ẹ́ńjìnnì.